Ìbejì Kì í Jókòó Lẹ́ẹ̀kan

Búrẹ́dì tí mo rà lówùúrọ̀ yìí, inú rẹ̀ ṣófo. Mo gé e sí méjì, mo rí ihò kan tí ológbò lè bímọ sí. Lójú, ó wú, ó pọ́n, ó ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó tuntun. Nínú, afẹ́fẹ́ ni. Mo fi afẹ́fẹ́ náà mu kọfí. Bí èèyàn bá ti fẹ̀yìn tì, irú nǹkan báyìí ló máa ń rò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́, mi ò ráyè wo inú búrẹ́dì.

Mo mọ obìnrin tó tà á fún mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́.

Ràfíátù ló ní kí n sọ ọ́. Ọmọ ọ̀gá mi ni, òun ló sì ni ilé fọ́tò wa báyìí, lójú ọ̀nà tó lọ sí gáà ọkọ̀ ojú irin ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá òun pé àwọn fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dínátọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà, tún fọ́tò ṣe, wọ́n rò pé iṣẹ́ ìjókòó ni. Ó ní kí n sọ tèmi, òun á máa tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kà á kí wọ́n tó wá tọrọ àga.

Mo ní, "Ràfíátù, èmi tí mo sá kúrò nílé ìwé kí ìdánwò tó bá mi, èmi ni kí n wá kọ̀wé fún ọmọ ilé ìwé?"

Ó ní, "Bàbá Ṣàbí, ẹ ò ní kọ nǹkan kan. Ẹ ó kàn sọ̀rọ̀ ni. Ìyẹn ò sú yín rí."

Òótọ́ ló sọ.

Iṣu ni bàbá mi ń gbìn ní Boni. Ẹ̀gbọ́n mi Wọ́rú mọ oko ro. Èmi ò mọ̀ ọ́n ro. Ebè tí mo bá kọ, iṣu inú rẹ̀ á wọ́ bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àtisá. Ilé ìwé náà, a gbìyànjú ẹ̀. Mo mọ ìwé kà díẹ̀, mo mọ orúkọ mi kọ, mo mọ Faransé tí èèyàn lè fi tọrọ gáfárà. Nígbà tí olùkọ́ sọ fún bàbá mi pé kó wá nǹkan míì fún mi ṣe, kò bínú. Ó dì mí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àpò iṣu, ó gbé àwa méjèèjì lọ fún Ọ̀gá Ráìmì. Owó ìkọ́ṣẹ́, iṣu yẹn ni. Ká má fa ìyẹn gùn.

Àjàṣẹ́ ni Ọ̀gá Ráìmì ti wá. Ó tẹ̀lé ọkọ̀ ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa, kò padà mọ́. Èèyàn kúkúrú ni, ó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun nínú eruku Ṣábẹ̀ẹ́ yìí, ìbọ̀sẹ̀ náà á sì funfun di alẹ́. Mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é. Kì í rẹ́rìn-ín. Bí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín, á yọ gíláàsì ojú rẹ̀, á nù ún.

Ọdún tí mo débẹ̀, mi ò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Omi ni mo ń pọn. Nígbà yẹn fọ́tò máa ń mu omi ju màlúù lọ. Bí ẹ bá ti yọ ọ́ nínú oògùn, ẹ gbọ́dọ̀ ṣàn án, kí ẹ tún ṣàn án. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga bá gbẹ, omi tí mo ń pọn fún fọ́tò pọ̀ ju èyí tí mo fi ń wẹ̀ lọ. Ó sì hàn lára mi.

Iyàrá òkùnkùn kan wà lẹ́yìn, gílóòbù pupa nìkan ló ń tàn níbẹ̀. Ọ̀gá ní mi ò gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn rẹ̀ láìkàn án. Ọjọ́ kan, oúnjẹ délẹ̀. Èmi ọmọ tó mọ ojúṣe rẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn gbàgà, mo ní, "Ọ̀gá, oúnjẹ ti dé." Ìmọ́lẹ̀ wọlé, gbogbo fọ́tò tó wà nílẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo dúró de ẹgba. Ọ̀gá mú bébà kan tó dúdú jù nínú wọn, ó fi férémù sí i lára, ó gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó. Ìyá kan bi í pé àwòrán kí lèyí. Ọ̀gá ní, "Ṣàbí ló yà á." Ó wà níbẹ̀ títí mo fi gba òmìnira. Ìyá mi wá wò mí lọ́jọ́ kan, wọ́n fi hàn án. Ó ní ó dára.

Lẹ́yìn omi ló wá kan pẹ́ńsùlù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi súrì, eku ọ̀dínátọ̀, tẹ ojú èèyàn lónìí, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀. Àwa náà tún ojú ṣe. Ẹ ó mú fíìmù, ẹ ó gbé e síwájú fèrèsé, ẹ ó gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù títí á fi rí bí abẹ́rẹ́, ẹ ó wá máa fi tọ́ ọ kín-ín-kín-ín síbi tí eruku tàbí rorẹ́ wà. Bí ẹ bá wú ikọ́, ẹ ti fún oníbàárà ní imú méjì.

Òfin tí Ọ̀gá ṣe fún mi ò gùn. Ó ní, "Ṣàbí, nǹkan tó máa kúrò lójú rẹ̀ tó bá yá, bá a mú un kúrò. Nǹkan tó máa bá a wọ sàréè, fi í sílẹ̀ fún un." Rorẹ́, òógùn, eruku, mú un kúrò. Ìlà, àpá, eyín tó ti lọ, má dé ibẹ̀.

Etí ni mo fi gbọ́, orí ò gbọ́. Obìnrin kan wá láti Ofè, arẹwà, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Mo wo fíìmù, mo rí àlàfo láàárín eyín rẹ̀ lókè, mo ní iṣẹ́ dé. Mo fi pẹ́ńsùlù dí i, mo dí i dáadáa. Nígbà tó wá gba fọ́tò, ó wò ó, ó tún wò ó.

Ó ní, "Ta ló dí èjí mi? Èjí tí ọkọ mi rí lọ́nà ọjà tó fi yà wá bá mi, ẹ ti fi símẹ́ǹtì dí i."

Ọ̀gá mú rúlà. Ọwọ́ mi wú débi pé mi ò lè mú pẹ́ńsùlù fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé ohun tó ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Mo gba òmìnira, mo wúre, mo dúró sọ́dọ̀ rẹ̀ bí òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi ò tiẹ̀ rí oyin púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àáké mú. A ya àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà lọ́jọ́ ìsinmi wọn, a ya àwọn oníkajú nígbà tí kajú bá ti tà, a ya ìyàwó, a ya òkú. Aṣọ ńlá kan wà tí Ọ̀gá fi ń bo ẹ̀yìn, wọ́n kun ọkọ̀ òfuurufú sí i. Àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn ilé lóòótọ́, òkúta gidi, ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wọn. Ọkọ̀ òfuurufú ni gbogbo wọn ń fẹ́. Lónìí ńkọ́, àwọn ọmọ wọn tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ tán ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Ràfíátù pé kó bá àwọn gbé òkè Ṣábẹ̀ẹ́ sẹ́yìn àwọn.

Mo ti dé ibi ọ̀rọ̀ ìbejì.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sílùú ńlá lè má mọ̀ ọ́n. Níbi tiwa, bí ọ̀kan nínú ìbejì ò bá sí mọ́, a kì í fi ẹnu wa pe ohun tó ṣe é. A ó ní kò sí nílé. Ìyá wọn á máa rán aṣọ méjì, á máa bu oúnjẹ méjì. Tó bá sì di ọjọ́ fọ́tò, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló wà nínú fọ́tò náà. Ẹni kan ṣoṣo ló máa wá sílé fọ́tò, ṣùgbọ́n méjì ni yóò kúrò níbẹ̀.

Bí Ọ̀gá ṣe ń ṣe é rèé. Á to àga méjì. Á fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, á ya ọmọ náà lórí àga ọ̀tún. Á wá ní kó dìde, kó bọ́ sórí àga òsì, á sún páálí sódì kejì, á tún yà á lórí fíìmù kan náà. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, ọmọ méjì ló jókòó pọ̀. Bí ọmọ náà bá jókòó lápá ọ̀tún, Ọ̀gá á kí i, á fún un ní bisikíìtì. Bó bá bọ́ sápá òsì, Ọ̀gá á tún kí i lákọ̀tun, "Ìwọ náà káàbọ̀," á tún fún un ní bisikíìtì. Mi ò rí ọmọ tó jiyàn rí.

Nígbà kan mo bi í léèrè pé kí ló dé tí a ò ní yà á lẹ́ẹ̀kan, ká tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ká lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Omi tí mo máa pọn ni mo ń rò.

Ó ní, "Ṣé o lè jẹun lẹ́ẹ̀kan kí èèyàn méjì yó? Ìbejì kì í jókòó lẹ́ẹ̀kan."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń wá ni ẹni tí mò ń pè ní Ìyá Ìbejì, tó ń ta búrẹ́dì. Táyé rẹ̀ ò sí nílé láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ ọwọ́. Kẹ́hìndé ló ń mú wá, ọdọọdún, tí kajú bá ti tà tí owó sì wọlé. Láti kékeré ni Kẹ́hìndé ti mọ iṣẹ́ rẹ̀: á jókòó, á jẹ bisikíìtì, á dìde, á jókòó, á jẹ bisikíìtì. Nígbà tó dàgbà díẹ̀ tó ń rìn káàkiri, ó lọ ká kajú, ó já láti orí igi sórí àpáta, ó gba àpá ńlá kan sẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, láti abẹ́ ojú dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ẹ fi àpá yẹn sọ́kàn.

Láàárín ìgbà yẹn, ayé ń yí. Fọ́tò aláwọ̀ dé. Iyàrá òkùnkùn wa di ibi tí a ń kó ìgò sí, nítorí Kútọnu ni wọ́n ti ń fọ àwọ̀. A ó fi fíìmù ránṣẹ́, a ó máa dúró bí ẹni tó ń dúró de èsì àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà kámẹ́rà tí kò ní fíìmù dé. Lẹ́yìn náà fóònù, gbogbo ayé sì di oníṣẹ́ fọ́tò. Ojú Ọ̀gá ti ń ṣú nígbà yẹn. Ọjọ́ kan ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, kò dá a padà sójú. Ó ní, "Ràfíátù ń bọ̀."

Ràfíátù ti Kútọnu dé tòun ti ọ̀dínátọ̀ méjì, ńlá kan àti kékeré kan tó ń ṣẹ́ po bí ìwé. Nínú wọn ni ohun tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe wà. Lójísíẹ̀lì ni ó pè é. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìka mi ti gan. Ó ní kí n mú súrì. Mo gbé e sókè, mo nà án sí ojú ẹ̀rọ bí ẹni tó ń fi iná ọwọ́ wá nǹkan. Ràfíátù ò rẹ́rìn-ín. Ó jọ bàbá rẹ̀. Ó kàn yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo jókòó tì í. Faransé ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, Faransé mi sì nìyí. Mo rí támpọ́ọ̀nù, mo rò pé òǹtẹ̀ mérì, ilé ìjọba ìlú, ni. Wọ́n fi ń mú awọ ara láti ibi tó dán lọ sí ibi tí kò dán ni. Mo rí anúlé. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tẹ anúlé, àṣìṣe náà á lọ bí ẹni pé kò wáyé. Inú bí mi díẹ̀. Mo rántí èjí obìnrin Ofè. Mo rántí rúlà.

Èyí tó ṣòro fún mi jù ni kálìkì. Ràfíátù fi yé mi bá a ṣe ń fi yé àgbà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ṣàbí, ẹ wo obìnrin tó ró aṣọ lé aṣọ. Èyí tó wà lókè lẹ ń rí, ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀. Fọ́tò tí ẹ yà ni aṣọ ìsàlẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án láéláé. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ da kálìkì míì lé e, kí ẹ ṣe é sórí ìyẹn." Ó wá fi ojú kékeré kan hàn mí tí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kálìkì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá tẹ ojú náà, kálìkì yẹn á lọ. Tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, á dé.

Ó rọ̀ mí lọ́rùn níkẹyìn. Kí n má purọ́, ó tiẹ̀ wọ̀ mí lórí.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì mú Kẹ́hìndé wá lọ́dún yẹn, mo to àga méjì, ṣùgbọ́n mo ní kó jókòó lẹ́ẹ̀kan, lórí ti ọ̀tún. Mo ní, "Ó tó. Ẹ̀rọ á ṣe ìyókù." Kẹ́hìndé wo ọwọ́ mi fún bisikíìtì kejì, kò rí i. Mo mú àwòrán rẹ̀, mo ṣe èkejì rẹ̀ sórí kálìkì tirẹ̀, mo yí ojú rẹ̀ padà kí wọ́n lè máa wo ara wọn, mo gbé e sórí àga òsì. Kò gba àkókò. Mo pe Ìyá Ìbejì kó wá wò ó.

Ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe Táyé léṣe?"

Àpá náà ni. Ti Kẹ́hìndé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Ti Táyé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún.

Ó ní, "Kẹ́hìndé ló gun kajú. Táyé ò gun igi kankan."

Mo ro òfin Ọ̀gá. Nǹkan tó máa bá a wọ sàréè, fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àpá yìí, ti Kẹ́hìndé ni, kì í ṣe ti Táyé. Tí mo bá mú un kúrò lójú Táyé, mi ò rú òfin. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo da kálìkì kan lé e, mo mú támpọ́ọ̀nù, mo bò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Táyé dán bíi ti ọmọ ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá Ìbejì fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo fọ́tò tó ti ń gbà bọ̀, Kẹ́hìndé méjì ló ń rí níbẹ̀, àpá wọn wà lẹ́rẹ̀kẹ́ kan náà, ó kàn ń gbà á bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn ó rí ẹlòmíì. Ó ní, "Táyé mi ti dàgbà." Ó san owó, ó lọ, ó tún padà wá wò ó lójú ẹ̀rọ. Èmi náà, orí mi wú. Mo rò pé mo ti ju Ọ̀gá lọ.

Ọdún tó tẹ̀lé e, Kẹ́hìndé fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC. Wọ́n ní kó mú fọ́tò kékeré wá fún káàdì ìdánwò. Ilé ìwé rán an wá ní wéréwéré, òjò ń rọ̀, ó rin gbingbin, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo ní kí ló máa jókòó fún pẹ̀lú omi lára, ṣebí ojú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi? Mo ṣí fọ́tò ìbejì, mo gé orí kan níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Èyí tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà ni mo gé. Lójú mi, ojú kan náà ni.

Mi ò ronú kan àpá.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mò ń gbá iwájú ilé fọ́tò, mo rí Ìyá Ìbejì tó ń sáré bọ̀ láìgbé búrẹ́dì. Ó dúró, èémí rẹ̀ ò délẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní Kẹ́hìndé kọ́ ni Kẹ́hìndé. Wọ́n ní Táyé ni."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ìjọba."

Mo ti ń rẹ́rìn-ín lọ kí n tó wo ojú rẹ̀. Jìnnìjìnnì ló bò ó. Ó ní àwọn ọmọ sọ fún òun láti inú ọgbà pé wọ́n ti dá Kẹ́hìndé dúró, wọ́n ò jẹ́ kó wọ iyàrá ìdánwò, fọ́tò káàdì rẹ̀ ò ní àpá. Ó ní, "Ṣé Táyé ló ń bínú? Ṣé ó fẹ́ gba ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Táyé ò bínú. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni." Ràfíátù ti lọ sí Paraku fún iṣẹ́. Mo ká ọ̀dínátọ̀ kékeré, mo gbé e sábẹ́ apá, mo pe oní-sẹ́mì kan, àwa méjèèjì gun ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ó wọ́ wa lọ.

Ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ ní ọmọ ìdánwò nìkan ló ń wọlé. Ó ní kí ni mo gbé lọ́wọ́. Mo ní ojú ọmọ náà ni. Ó wò mí, ó jẹ́ ká kọjá. Mo rò pé ó fẹ́ mọ ohun tó máa yọrí sí.

Olùkọ́ kan tí wọ́n gbé wá láti apá Pobè ló ń ṣe sẹ́ẹ̀fù, olórí ìdánwò, níbẹ̀. Ọkùnrin gíga, jẹ́jẹ́, kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Kẹ́hìndé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ nínú aṣọ kakí, bẹ́líìtì rẹ̀ tuntun. Mo rí i látojú fèrèsé pé wọ́n ti ń pín bébà.

Sẹ́ẹ̀fù bẹ̀rẹ̀ ní Faransé. Nígbà tó gbọ́ tèmi, ó bọ́ sí Yorùbá fún ìfẹ́ Ọlọ́run.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Káàdì yìí sọ pé ẹni tí ojú rẹ̀ dán báyìí ni Kẹ́hìndé. Ẹni tó dúró síbí ní àpá. Mo bi í, òun fúnra rẹ̀ ní ìbejì lòun, ó ní fọ́tò Táyé nìyí. Bóyá Táyé ló ń bá a ṣèdánwò, bóyá òun ló ń bá Táyé ṣe é, mi ò mọ̀. Níbo lèkejì wà?"

Ìyá Ìbejì ní, "Kò sí nílé."

"Ó lọ síbo?"

Ìyá Ìbejì wo ilẹ̀. Kẹ́hìndé wo bàtà rẹ̀. Èmi wo òkè àjà.

Sẹ́ẹ̀fù ní, "Ẹ pè é wá, kí n rí àwọn méjèèjì pọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mi ò bá rí i, mi ò lè jẹ́ kí èyí wọlé. Èmi ni wọ́n máa bi."

Ó kọjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ yà wọ́n. Èwo lẹ yà?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo lè sọ, ó wà lórí ahọ́n mi. Tí mo bá sọ ọ́, Kẹ́hìndé á wọlé. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ń wo ẹnu mi. Láti ìgbà tí Táyé ò ti sí nílé, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ rẹ̀ dórí ìyá ọkọ. Ṣé èmi alágbàfọ̀ ojú ni kí n wá sọ ọ́ fún un nínú ọ́fíìsì?

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fún mi láyè díẹ̀, mo fẹ́ fi nǹkan hàn yín."

Mo gbé ọ̀dínátọ̀ sórí tábìlì, mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí Ìyá Ìbejì. Mo tàn án. Ó ń yí nǹkan kan po, ó ń yí nǹkan kan po. Iyàrá ìdánwò ti dákẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó jí. Ó ṣí wàyí. Ìbejì jókòó lórí àga méjì, wọ́n ń wo ara wọn. Sẹ́ẹ̀fù na ìka sí èyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dán. Ó ní, "Òun rèé."

Mo wá ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálìkì, mo tẹ̀ ẹ́. Àpá yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Táyé. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Àpá lọ. Sẹ́ẹ̀fù sún mọ́ ọn. Mo wá tẹ ojú kejì. Táyé lọ. Kẹ́hìndé nìkan ló kù, ó ń wo àga tó ṣófo.

Ará Pobè ni Sẹ́ẹ̀fù. Ọ̀rọ̀ ìbejì ò ṣàjèjì sí i. Ó wo àga náà, ó wo Ìyá Ìbejì tó ń wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

Ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "Bàbá, ẹ dá a padà."

Mo tẹ ojú, Táyé dé.

Ó yí káàdì sẹ́yìn, ó kọ nǹkan sí i, ó buwọ́ lù ú. Ó ní, "Kẹ́hìndé, máa lọ jókòó." Mo rí i tí èjìká Ìyá Ìbejì wálẹ̀ nígbà tó gbọ́ orúkọ yẹn. Kẹ́hìndé ti sáré lọ. Sẹ́ẹ̀fù sin wá dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú wọn, Ìyá Ìbejì."

Níta, Ìyá Ìbejì bi mí, "Kí lẹ fi hàn án?"

Mo ní, "Àpá Kẹ́hìndé."

Ó wo ọ̀dínátọ̀ tó wà lábẹ́ apá mi. "Táyé wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ gbé e wá." Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi wé ẹ̀rọ náà, ó gbé e lé itan lórí alùpùpù. Ó ní kí oní-sẹ́mì rọra, kó yẹra fún kòtò. Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn wọn, ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ̀rọ̀ kòtò.

Mo lọ ròyìn fún Ọ̀gá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó ti ń jókòó sábẹ́ ògiri nígbà yẹn, kò ríran dáadáa mọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mélòó lo ní kí ọmọ náà jókòó?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan."

Ó ní, "Mú rúlà wá."

Mo lọ mú un. Bàbá ọmọ ni mí nígbà yẹn, mo ti ní irun funfun. Mo na ọwọ́. Ó tàsé ní ti àkọ́kọ́, mo sún ọwọ́ mi sí i kó lè bá a. Kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ó nà mí.

Láti ìgbà náà, ìbejì tó bá wá sọ́dọ̀ mi, mo ń to àga méjì. Wọ́n á jókòó, wọ́n á dìde, wọ́n á tún jókòó. Ràfíátù ní ẹ̀rọ lè ṣe é láìsí wàhálà. Mo ní mo mọ̀. Ìyá Ìbejì ní tirẹ̀ máa ń mú àtíkè wá nínú àpò, tí Kẹ́hìndé bá ti bọ́ sórí àga òsì, á fi àtíkè pa á lẹ́rẹ̀kẹ́ títí àpá á fi rẹ̀, á ní, "Táyé, wo iwájú." Fọ́tò káàdì ńkọ́, bí ojú ẹ bá tiẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi láti ìgbà ìkómọ, ẹ ó wá jókòó lákọ̀tun.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, Ràfíátù á fi kálìkì hàn yín, ẹ ó mọ̀ ọ́n kíá, ẹ mọ̀wé jù mí lọ. Òmíràn nínú yín á mọ̀ ọ́n kí n tó mu kọfí tán. Èyí tó kù, rúlà ló ń kọ́ni, Ọ̀gá sì ti lọ tòun ti rúlà.

Kẹ́hìndé yege. Ó kàwé síwájú, ó ti di olùkọ́ fúnra rẹ̀, apá òkè ni wọ́n gbé e lọ. Bó bá wálé, ó máa ń ya ilé fọ́tò, á jókòó, á dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Bisikíìtì ṣì ń jẹ́ méjì.

Nígbà tí mo mu kọfí tán láàárọ̀ yìí, mo mú ìdajì búrẹ́dì tó kù, mo rìn lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ìyá Ìbejì jókòó ti tábìlì rẹ̀ ní kọ́nà. Mo fi ihò náà hàn án. Mo ní, "Ẹ wo bó ṣe ń dán lójú."

Ó ní, "Bàbá Ṣàbí, gbogbo ayé yín lẹ fi ń mú kí nǹkan dán lójú. Búrẹ́dì ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn."

Ó fún mi ní òmíràn, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí n lè rí i pé inú rẹ̀ kún. Mo ti ń lọ nígbà tó tún pè mí.

Ó ní, "Táyé ń kí yín o. Ó ní bí ẹ bá tún fẹ́ ṣèdánwò, kí ẹ jọ̀ọ́ fi tòun sílẹ̀, kí ẹ lo fọ́tò tiyín."